Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ àti Ọmọ Aránṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọpọlọ tó lè wọ orí ènìyàn kan ṣoṣo, ẹ lọ wo ọ̀gá ilé-ìwé tí à ń wí yìí. Ó ní mẹ́jọ ni tòun. Kò sí ẹni tó bá a kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á, ó sì ní ó pé.

Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: ỌLỌ́PỌLỌ MẸ́JỌ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi orúkọ yẹn kí i kó tó rí àga jókòó sí. Àwọn olùkọ́ náà ní oríkì tí wọ́n fi kún un, bó bá ti kọjá tán: Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ, a-fi-ọ̀kan-sùn, a-fi-méje-hanrun.

Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan ló ti kó àwọn ọpọlọ náà bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ṣàlàyé pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni làákàyè fi ń hàn lára ọmọ: ti ọ̀rọ̀, ti ìṣirò, ti àwòrán, ti orin, ti ara, ti mímọ ènìyàn lò, ti mímọ ara ẹni, àti ti igi òun ẹranko. Ọ̀gá kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀. Ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ó gba báàgì tí wọ́n ń pín, ó sì gba ilé lọ. Ohun tí ọ̀mọ̀wé sọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì, àga tí ọ̀gá fi sílẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dúró sí ẹnu géètì láti pín ọpọlọ. Kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọrin wọlé, ọpọlọ orin. Ẹni tí ewé lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, ọpọlọ igi. Ẹni tó ń sunkún pé òun fẹ́ padà sílé, ọpọlọ mímọ ara ẹni. Ọmọbìnrin aránṣọ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sáré wọlé.

"Ara," ni ọ̀gá wí, ó sì lẹ káàdì pupa mọ́ ọn láyà. "Ọmọ ara kì í kàwé. Kò ní ibi tó máa kó o sí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun olùkọ́ kíláàsì kẹta wọra. Àǹtí ABD ni àwọn ọmọ ń pè é, torí pé òun ló ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọmọ aránṣọ yìí ti ń so lẹ́tà pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní oṣù méjì sí i, ìwé á ti wọ̀ ọ́ lára. Àǹtí gba ọ́fíìsì lọ, kò tilẹ̀ rántí kí orúkọ ara ilẹ̀kùn.

"Sà, ọmọ aránṣọ yẹn, ó kù díẹ̀ kó mọ̀wé kà."

"Àǹtí, ṣé ẹ ti rí ewúrẹ́ tó ń lọṣọ rí?"

"Rárá, sà."

"Ó parí nìyẹn. Bí mo bá tún gbọ́ pé ẹ fún ọmọ ara kankan níwèé, ẹ lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Ọmọ tí kò bá sì lè kàwé kí táàmù yìí tó parí, kíláàsì ara ló máa wà títí tó fi máa jáde níbí."

"Ta ló wá máa kọ́ ọ, sà, tó fi máa lè kà á?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni."

Bí ilé-ìwé ṣe di ìran àpéwò nìyẹn. Àwọn ọmọ mímọ ènìyàn lò kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa kí ara wọn láti òwúrọ̀ títí agogo fi máa lù. Wọ́n kí ara wọn kú ìjókòó, wọ́n kí ara wọn kú ìdìde, wọ́n kí ara wọn kú ṣíṣí fèrèsé àti kú pípa á dé. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn gbogbo wọn ti há. Àwọn ọmọ mímọ ara ẹni dojú kọ ògiri, olúkúlùkù pẹ̀lú ògiri tirẹ̀. Nígbà tí ògiri tán, wọ́n gbé ọmọ méjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ igi kò gbọdọ̀ wọlé bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, torí pé ìwé tiwọn ni òjò.

Ní ti àwọn ọmọ ara, fífò ni ìdáhùn gbogbo ìbéèrè. Méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ fífò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ìsọdipúpọ̀, bàbá kan wá béèrè ẹni tó lu ọmọ òun lẹ́sẹ̀.

Àǹtí ABD fi ọjọ́ mẹ́ta ronú, inú sì ń bí i ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga tó ti kán sí, ó ti gbogbo ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sórí ilẹ̀. Ó wá pe ọmọ aránṣọ wọlé.

"Fò sórí b."

Ọmọ náà fò.

"Fò sórí à. Ó káre. T. Padà sórí à. Kí lo fò yẹn?"

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. "Bàtà," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ṣe é, lójoojúmọ́, ní àkókò ìsinmi. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń fò gbólóhùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé gidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n nílẹ̀ bó bá ti ń kà á. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá yọjú lójijì. Ọ̀gá wo ọmọ tó ń fò, kò wo ilẹ̀ tó ń fò lé.

"Ara ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń fò lọ́wọ́ ni "òmùgọ̀". Àǹtí kọ́ ló fún un, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, ọ̀gá kọ̀wé sí ọ̀mọ̀wé pé kó wá wo bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì mú àmì ẹ̀yẹ kan dání, bó bá rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó pe gbogbo òbí. Ó ra kóòtù tuntun. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sílẹ̀, ó ká a, ó sì kì í bọ àpò àyà.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́múdẹ́mú. Aránṣọ jókòó níwájú, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé dé, wọ́n fún un lága, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ara jáde kí wọ́n fò fún un.

"Kí ni wọ́n ń ṣe yìí?" ni ọ̀mọ̀wé béèrè.

"Wọ́n ń dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn, mà."

"Ìwé ńkọ́?"

"Ọpọlọ ara ni wọ́n, mà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Èmi? Ohun tí mo sọ ni pé gbogbo ọmọ ló ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò kàn dọ́gba ni. Mo ní àwa tá a ń kọ́ ọ pàápàá ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Mo tún ní kẹ́nikẹ́ni má fi há ọmọ mọ́ yàrá kankan. Odindi ọ̀sán ni mo fi sọ ọ́. Níbo lẹ wà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yìn. Ó di ọmọ aránṣọ lọ́wọ́ mú, ó fà á síwájú. "Mà, ẹ wo èyí. Ọpọlọ ara pọ́ńbélé. Ẹ fún un níwèé, kò ní mọ èwo ni orí èwo ni ìdí."

"Ó lè kà á, sà."

Àǹtí ABD ló dìde sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Aránṣọ yíjú padà. "Ta ló lè kà á? Ọmọ tèmi?"

"Kò burú," ni ọ̀gá wí. "Bí kò bá lè kà á, Àǹtí, ẹ kó ẹrù yín lónìí." Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó fa ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà yọ, ó sì nà án sí ọmọ náà láìwò ó, torí ó dá a lójú pé kò sí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó tilẹ̀ dorí ìwé náà kodò. Ọmọ náà yí i padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nílẹ̀.

"'Inú mi dùn... láti gba àmì ẹ̀yẹ yìí... tí n kò retí rárá.'"

Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ojú ọ̀gá yí padà, ó na ọwọ́. "Ó ti tó, ó ti tó, a ti gbọ́."

"Ẹ jẹ́ ó parí ẹ̀," ni aránṣọ wí. Ó ti dìde. "Àǹtí, ẹ jókòó síbẹ̀ o. Ẹ ò kó ẹrù kankan lọ síbì kankan."

"'Kí n dúró níbí kí wọ́n pàtẹ́wọ́,'" ni ọmọ náà kà. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. "'Bí wọn kò bá pàtẹ́wọ́, kí n wúkọ́.'"

Nǹkan ti há ọ̀gá lọ́fun láti ìgbà díẹ̀. Ó wúkọ́. Àwọn òbí ń ṣubú lu ara wọn.

"'Kí n yọ aṣọ ìnujú, kí n nu ojú bí ẹni tó fẹ́ sunkún.'" Aṣọ ìnujú ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi ń nu òógùn. Ó yára fi í pamọ́ sẹ́yìn. "'Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣe iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló ṣe é. Ohun tó gbé mi dé ipò yìí ni...'"

Ọmọ náà dúró. Òógùn àyà ọ̀gá ti ba ọ̀rọ̀ tó kàn jẹ́. Ó mú ìwé náà sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà, kò rí i kà. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Nígbà náà ni ọmọ náà gbé ìwé sókè síwájú ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbí?"

Ọ̀gá wo àjà. Ó sọ nǹkan kan sínú ọrùn kóòtù.

"A ò gbọ́," ni ọ̀mọ̀wé wí.

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni," ni Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ wí.

"Ẹ ṣé, sà," ni ọmọ aránṣọ wí, ó sì ṣí ojú ìwé kejì. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀.