Àga Tó Ń Mi Orí Baálẹ̀

Ẹ ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé ẹni tó kan àga ni í kọ́kọ́ jókòó sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé òwe náà sí àwọn àgbà lẹ́nu? Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Akínlàjà àti Mojíròlá ìyàwó rẹ̀ a máa ya àwòrán àga ìgbàlódé, wọn a sì fọwọ́ ara wọn kàn án. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Àpárò kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, tọkọtaya yìí pinnu pé àga tiwọn ni yóò kún ibẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé ẹyọ kan wá kí òun jókòó sí i wò. Bí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, iṣẹ́ di tiwọn.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Pákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ní, kò sí tẹ̀yìn. Wọ́n wọ̀n ọ́n lóròó, wọ́n wọ̀n ọ́n níbùú, wọ́n fi epo pa á títí ó fi ń dán.

Mojíròlá ní, "Ṣé ká jókòó sí i wò?"

Ọkọ rẹ̀ fò sókè. "Àga Baálẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?"

Ìtẹríba dára. Ṣùgbọ́n ìtẹríba tí kò jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ìmẹ́lẹ́ tó wọ agbádá ni.

Ọjọ́ pé, ìlú péjọ. Baálẹ̀ fìdí lé àga. Àga tẹ̀ wọlẹ̀, ó ta padà sókè, ó tún tẹ̀ wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orí Baálẹ̀ ń mì sókè-sódò bíi ti alángbá. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fẹ́ dìde, àga fà á padà.

"Baálẹ̀ ti gbà!" ni Akínlàjà kígbe. "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń mi orí!"

Lámídì aránṣọ, tí Baálẹ̀ ti lé àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò lójúde láti èṣí, sáré wá dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ṣé kí àwọn ewúrẹ́ mi padà?" Orí mì. "Ẹ ṣeun o! Ṣé kí wọ́n máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín?" Orí tún mì.

Ìyàwó Baálẹ̀ náà rí àyè. "Bàbá Súnbọ̀, ẹran inú ìṣasùn tí ẹ ní ológbò jẹ, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́?"

Orí mì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ha! Bẹ́ẹ̀ mo sì ti na ológbò!"

Ọkùnrin mẹ́rin ló fa Baálẹ̀ yọ. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó wo tọkọtaya náà. "Ta ló jókòó sí i ṣáájú mi?"

"Kò sí o, bàbá. A ò jẹ́ rí yín fín."

"Ẹ kú ẹ̀kọ́ ilé. Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó."

Wọ́n há ara wọn sórí rẹ̀. Àga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Bẹ́ńṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lásán ni ẹ ó kàn fún gbọ̀ngàn wa, àbí?"

Orí méjì mì.

Baálẹ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kó tó tún bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin náà lẹ sì jẹ ẹran inú ìṣasùn, àbí?"

Orí méjèèjì mì kíkankíkan.

Ẹ rí i báyìí pé àwọn àgbà kò purọ́: ẹni tó kan àga ni í kọ́kọ́ jókòó sí i.