Katakata Ọmọ Olóko Èkó

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má kan ẹran Iléyá mọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ojú gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ṣe.

Lọ́dún 1989, Alhaji Rájí, tó ń ta mílíìkì alágolo ní Òkè Àrin, lọ ra katakata ní gbàǹjo. Rájí Agbádá-gbálẹ̀-títì, Ajíwodíńgí-kó-tó-kírun! Ẹ́ńjìnnì katakata náà ti kú, táyà kan ti jò. Ó wọ́ ọ dé iwájú ilé ẹbí wọn ní Ìdúmàgbò, níbi tí àyè ò ti sí láti gbin tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo.

Aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n fi òun Rájí rẹ́rìn-ín kẹ̀? Ó gun àga katakata, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará, ohun tí bàbá ńlá wa fi sílẹ̀ rèé! Òyìnbó ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá fún un. Òun ló fi ro gbogbo ilẹ̀ Agége. Ogún ìdílé ni!"

Bàbá ńlá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rán fìlà, tí kò gbé ọkọ́ rí, ló di olóko lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú ẹbí dùn. Ta ni kì í fẹ́ bàbá ńlá tó lówó? Wọ́n sọ Rájí di Ọmọ Olóko Èkó. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, orí àga yẹn ló ti ń gba ìkíni.

Mùtíátù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Mùs'áb, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí jàre. Ewúrẹ́ ti bímọ lábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Tà á? Ṣé èèyàn máa ń ta egungun bàbá ẹ̀ ni? A máa tún un ṣe!"

Ó pe ẹbí jọ. Ó ní ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, gbogbo wa la ó jọ tún un ṣe. Wọ́n dáwó. Àǹtí Afusat, àgbà ilé náà, ta tòlótòló rẹ̀ méjèèjì. Bashiru mẹkáníìkì wá, ó lu irin náà kó-kó-kó, ó gba owó ọṣẹ ìfọwọ́. Owó tó kù di léèsì lọ́rùn Rájí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Fàtáì, àgbẹ̀ kan láti Ọ̀yọ́, dé. Ó ti gbọ́ nípa katakata tí òyìnbó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá. Owó tó pè ga débi pé Rájí gbàgbé egungun bàbá ẹ̀.

Rájí mú ọjọ́ tí gbogbo ilé ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó pé kí wọ́n wá gbé e. Àmọ́ nígbà tí lọ́rì tó fẹ́ wọ́ ọ fọn fèrè, Àǹtí Afusat ṣì ń wẹ̀. Ó jáde tòun ti ọṣẹ létí.

"Rájí! Ibo lò ń gbé bàbá wa lọ?"

Igbe rẹ̀ kó èrò jọ. Rájí ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi, mo fẹ́ tà á ni."

"Kò burú. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá ńlá wa fẹ́. Ìdí igi mẹ́rin la ó pín owó ẹ̀ sí. Ní ìdí igi tiyín, ẹ jẹ́ mọ́kànlá."

Rájí ṣírò. Ohun tó kàn án ò tó ra táyà. Ó fa ìwé kan yọ lápò agbádá.

"Ìdílé wo? Ogún wo? Èmi ni mo rà á! Gbàǹjo ni mo ti rà á! Rìsíìtì rèé!"

Fàtáì gbà á, ó kà á sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́. "Irin àlòkù kan, kò ṣiṣẹ́. Èṣí ni wọ́n kọ ọ́." Ó ká ìwé náà. "Alhaji, owó irin àlòkù ni mo máa san nìyẹn o."

Àǹtí Afusat nu ọṣẹ létí.

"Bàbá wa ò wá roko Agége mọ́?"

Rájí wolẹ̀. "Ó... ó rán fìlà fún àwọn tó ro ó."

"Tòlótòló mi ńkọ́?"

Léèsì ọrùn rẹ̀ bá a dáhùn.

Àwọn èrò ní kí Fàtáì kó owó irin fún Àǹtí Afusat, kí ó fi dá owó tí ẹbí dá padà. Kò tilẹ̀ kárí. Ni Rájí bá fò gun àga katakata.

"Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, á gbé èmi náà! Mi ò sọ̀ kalẹ̀!"

Dẹ́rẹ́bà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Epo ń jó. Ó fi ṣéènì kọ́ katakata, ó tẹ mọ́tò.

Bí wọ́n ṣe wọ́ Ọmọ Olóko Èkó sẹ́yìn-sẹ́yìn la Ìdúmàgbò kọjá nìyẹn, tí agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, títí dé Òkè Àrin, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ gan-an.

"Alhaji, ẹ kú oko o! Ẹ bá wa mú iṣu bọ̀!"

Rájí sì ń juwọ́ sí wọn bí ọba.

Ó dáa, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Jíjuwọ́ yẹn nìkan ni mo fi kún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi bojú.