Ọjọ́ Tí Mo Gun Òpó Ọkọ̀ De Bàbá Bísí

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo jókòó sórí òpó ọkọ̀ ojú omi, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń fì lókè orí bàbá ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, tí mo sì ń kí wọn pé ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe débẹ̀.

Houston ni mo wà nígbà náà, láwọn ọdún 1980 tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lé èèyàn bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹnjiníà ni mí ní ọ́fíìsì kan ní The Woodlands. Wọ́n kọ́kọ́ lé ọ̀gá mi, òyìnbó oníwà tútù kan, wọ́n sì lé èmi náà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ń padà sí oko bàbá rẹ̀, kò sì lè gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sórí mọ́tò, ló bá ní kí n máa mú un. Ọkọ̀ kékeré oníìgbòkun ni, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì lọ. Ní ìlú tiwa, odò tó wà níbẹ̀ ò ju ohun tí ewúrẹ́ lè fò kọjá lọ, mi ò sì mọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, mo sì gbà á.

Bísí, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé alájà kan náà la jọ ń gbé ní Alief, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Iléṣà láti wá wo ọmọ, kí wọ́n sì wo èmi náà. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, wọ́n sì ti búra pé tíṣà kankan ò ní fẹ́ ọmọ àwọn, nítorí àwọn mọ ohun tí ojú ìyàwó tíṣà ń rí. Nígbà tí Bísí kọ lẹ́tà sílé nípa mi, ẹnjiníà epo ni mí. Nígbà tí Bàbá fi máa wọkọ̀ òfúrufú, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé kan ní Missouri City.

Bísí ní kí a tètè sọ fún wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbé Bàbá gun orí omi ná, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, kí ọkàn wọn rọ̀, kí n tó là á. Èrò ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi kì í jọ tíṣà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbòkun ọkọ̀ náà ò lè gòkè. Okùn tí wọ́n fi ń fà á sókè ti gbó, ó ti ń tú bí irun àgbàdo, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn náà ń gbà yí lórí òpó sì ti dógùn-ún. Mo lọ ra okùn tuntun, mo ra kẹ̀kẹ́ tuntun, mo sì ra irin oníwo méjì tí wọ́n ń so okùn mọ́ nídìí òpó, nítorí ìyẹn náà ti ń mì. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi Káyọ̀dé pé kó bá mi dá sí i. Ọmọ Ìbàdàn ni, akáńtáǹtì ni, kò sí èyí tó mọ̀ nípa ọkọ̀ nínú àwa méjèèjì. Bísí máa gbé Bàbá wá lọ́sàn-án sí èbúté tí ọkọ̀ náà wà. Èmi àti Káyọ̀dé ti débẹ̀ láàárọ̀, a gbé rédíò lé ẹ̀gbẹ́ kan, a bọ́ ẹ̀wù, a ń pe ara wa ní kápútéènì.

Ẹni tó ta okùn fún mi ti ṣàlàyé. Ó ní kí n fi abẹ́rẹ́ rán orí okùn tuntun mọ́ ìdí okùn àtijọ́, kí n wá máa fa ti àtijọ́. Bó bá ṣe ń jáde ni tuntun á máa wọlé, á gba orí òpó lọ, á sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Mo wo abẹ́rẹ́, mo wo ara mi, odidi ẹnjiníà. Mo fi téèpù wé e. Káyọ̀dé ń fà, ó ń kọrin sí i, okùn ń gòkè ní mẹ̀lọ́mẹ̀lọ́. Àfi bí téèpù ṣe já lókè. Okùn àtijọ́ bọ́ lé Káyọ̀dé lórí, tuntun bọ́ lé mi léjìká, kò wá sí okùn kankan lórí òpó mọ́ àyàfi ti ìgbòkun kékeré iwájú.

A so òkúta mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ní kí a jù ú kọjá lórí òpó. Èmi ni mo jù ú. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ aládùúgbò wa, bàbá òyìnbó kan tó ń mu kọfí jẹ́jẹ́. Bàbá náà kò bínú. Ó gbé òkúta wa wá, ó sì yá wa ní pákó ìjókòó kan tó ní bẹ́líìtì, tí wọ́n fi ń fa èèyàn gun òpó. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bẹ̀ wá: kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ má fi okùn sílẹ̀. Káyọ̀dé ní kó má ṣèyọnu.

Èmi ni mo fúyẹ́ jù, ni mo bá jókòó sórí pákó. Káyọ̀dé so okùn ìgbòkun iwájú mọ́ pákó náà, ó fi ìdí rẹ̀ wé irin róbótó tó ń yí lára òpó, ó fà mí, mo sì ń gòkè bí garawa inú kànga tí wọ́n ń fà. Nígbà tí mo dókè tán ni Káyọ̀dé béèrè pé níbo ni kí òun so okùn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé èmi fúnra mi ni mo tú irin ìsokùn láàárọ̀, tuntun sì wà nínú ọ̀rá. Mo ní kó ṣáà dì í mú, mi ò ní pẹ́.

Mo pẹ́. Bóòtù kẹ̀kẹ́ náà ò gbọ́ ti sípánà. Oòrùn Houston ń sè mí, bí mo bá sì mí èémí ńlá, òpó á yí lọ yí bọ̀. Ìgbà tí bóòtù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ràn ni mo rí mọ́tò Bísí tó wọlé. Wọ́n ti dé ṣáájú àkókò. Hẹdimásítà kì í pẹ́ dé ibì kankan, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú bùbá àti ṣòkòtò funfun, fìlà lórí, wọ́n rọra ń rìn bọ̀ lórí pákó èbúté. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ wá dìde sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wà lókè orí àna, mo jókòó, wọ́n dúró, mi ò sì wọ ẹ̀wù. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ni mo bá tẹríba tó bí mo ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lórí pákó yẹn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Pákó yí dànù lábẹ́ mi. Sípánà bọ́ sómi. Bẹ́líìtì ló gbé mi dúró, orí mi nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi lókè.

Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Káyọ̀dé tó kẹ̀yìn sí èbúté gbọ́ ìkíni mi, ó yíjú pa dà, ó rí àgbàlagbà aláṣọ funfun. Ilé ire ni wọ́n ti bí Káyọ̀dé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá dé, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, kí o sọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó kí wọn. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀, àyà kan pákó, ó ní, "Ẹ kú ìrìn sà."

Èmi ni mo wà lẹ́nu okùn tó sọ sílẹ̀. Irin róbótó náà ń yí gìrìgìrì, okùn ń tú, mo ń forí bọ̀ wálẹ̀. Mi ò rántí àdúrà kankan. Mo kàn ń rò pé Bísí ń wò mí. Lójijì ni nǹkan já mi gbà, mo dúró, mo ń fì. Nígbà tí mo la ojú, Bàbá ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú, fìlà wọn ti ṣubú, ojú wọn sì kọ ojú mi gan-an, àfi pé tèmi wà lódì.

Wọn ò sọ mí kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ni?"

Mo ní, "Èmi ni sà."

Wọ́n béèrè ìlú mi, mo dáhùn. Wọ́n béèrè ilé mi nínú ìlú náà, mo dáhùn. Bísí ń bẹ̀ wọ́n láti èbúté pé, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná." Wọ́n ní kó dákẹ́, àwọn ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé ṣì wà nílẹ̀, nítorí Bàbá ò tíì ní kó dìde.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti tò jọ fún orí omi ló ti dà sínú omi. Èèyàn ò lè hùmọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bá ti wà lórí tán. Mo ní, "Tíṣà ni mí sà. Wọ́n ti dá wa dúró níbi epo. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí."

Okùn náà rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún dì í mú. "Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Lẹ́yìn tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí yín sà."

Wọ́n wá sọ mí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káyọ̀dé, a tò síbẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Mo rò pé Bàbá máa pe Bísí kí wọ́n máa lọ ni. Wọ́n gbójú sókè wo òpó, wọ́n béèrè pé ṣé iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ ti parí. Mo ní rárá sà. Wọ́n ní, "Gòkè padà. Èmi ni mo máa dì ọ́ mú."

Ẹ wò ó, ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ti búra pé tíṣà ò ní fẹ́ ọmọ òun ló di okùn ẹ̀mí tíṣà mú yìí, kò sì sí irin tí a lè so ó mọ́. Mo yá sípánà lọ́wọ́ aládùúgbò wa, mo gòkè. Mo yọ kẹ̀kẹ́ àtijọ́, mo fi tuntun sí i, mo sì ti okùn gba ibi tó yẹ. Nígbà tí mo bá wolẹ̀, Bàbá ò wo ibòmíràn, ojú wọn ò kúrò lára mi. Ìgbòkun gòkè geere lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ni ò sí. Ọkọ̀ ò kúrò ní èbúté, a jókòó sínú rẹ̀, a jẹ mọ́ínmọ́ín tí Bísí gbé wá, a sì fi abọ́ kan ránṣẹ́ sí aládùúgbò wa.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Bísí béèrè lọ́wọ́ Bàbá nínú mọ́tò pé kí ni wọ́n rí sí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá ní tíṣà kì í lówó, òótọ́ ni. Wọ́n ní àmọ́ ọmọkùnrin tí ojú tì tó báyẹn níwájú àna, tó tún padà gòkè nígbà tí àwọn rán an, Bísí lè bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ẹ so okùn ná, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́ fún Káyọ̀dé títí. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ bí àgbà bá tún dé, òun ò lè ṣèlérí. Mo bá a rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò sì jẹ́ kó fà mí gun òpó mọ́.