Oògùn Tó Hu Ewú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé àga tì, ilẹ̀ ló dùn ún jókòó gbọ́ irú èyí. Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ lánàá, mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

Télọ̀ ló pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, obìnrin yìí fẹ́ pa mí! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lórúkọ ńlá, páálí rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Àṣé ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń da òmíràn sínú ìgò rẹ̀ fún mi!"

"O ò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀?"

"Mo rí i. Mo ní kí ló dé tó funfun? Ó ní oògùn náà hu ewú ni, bíi tèmi."

Ìjòyè kan fi fìlà bo ẹnu.

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, mo jẹ̀bi irọ́, n ò jẹ̀bi ikú. Olórúkọ yẹn wọ́n bí ojú. Ṣe ni ọkọ mi ń gé ẹyọ kan sí mẹ́rin kó má baà tètè tán. Èyí tí mo rà, odindi ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá rí páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ márùn-ún nìyí, wọn ò lo nǹkan kan. Ṣé kí n di opó nítorí páálí?"

Télọ̀ pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra.

"Láti ìgbà tó ti ń lo ayédèrú yẹn, kò lè rìn mọ́."

"Ìgbà wo lo mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ tó fi rúlà onígi lé mi dé oríta."

"Ta ló kọ́kọ́ dé oríta?"

"Òun ni."

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Télọ̀ náà wá, ó ní oṣù mẹ́fà gbáko lẹ̀jẹ̀ bàbá fi wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tún wọ̀n ọ́n níwájú wa: ó ti gun òrùlé! Omi lé sójú ìyàwó. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa.

"Apoògùn, ìwọ tó ta èyí fún ìyàwó, ṣé ayédèrú ni?"

"Rárá o, Baálẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló sọ ọ́ lórúkọ ńlá. Nígbà tí àkókò tí òun nìkan fi lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é parí, àwọn mìíràn náà ń ṣe é, ìjọba sì ń yẹ tiwọn wò dáadáa. Oògùn kan náà, agbára kan náà. Àwọ̀ àti páálí ló yàtọ̀."

"Irọ́!" ni Télọ̀ pariwo. "Orúkọ loògùn!"

Ìyàwó yíjú sí i. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ta ló ń rán àmì òkè òkun mọ́ ṣòkòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé?"

Baálẹ̀ rọra yẹ bèbè ìdí ṣòkòtò tiẹ̀ wò. Àmì òkè òkun jókòó síbẹ̀ rekete.

"Télọ̀!"

"Ẹ dákun… aṣọ kan náà ni, Baálẹ̀. Ó ṣáà bá yín mu."

"Ó bá mi mu. Ẹnu ara rẹ lo fi dá ẹjọ́."

Mo bá bú sórin, ta ní í dá mi dúró?

*Orúkọ kì í wo àrùn o,*
*Ohun inú rẹ̀ ní ń wò ó!*

Baálẹ̀ ní, "Télọ̀, láràárọ̀ fún oṣù kan, wàá dúró ṣánṣán, wàá ka orúkọ wínníwínní tó wà lára páálí sókè, ìyẹn orúkọ oògùn gan-an, kó o tó gbé e mì. Ìwọ ìyàwó tó parọ́ ewú, wàá jókòó gbọ́ ọ, o ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bó o bá rẹ́rìn-ín, oṣù tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ pààrọ̀ oògùn, ẹ̀yin méjèèjì àti apoògùn ni yóò jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ó yá, Télọ̀, kà á!"

Télọ̀ dúró. "A… àmú… àmúlódì… pìnìpínì!"

Ìyàwó ki gèlè bọ ẹnu. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín ìyàwó náà bá tú jáde.

"Oṣù tún bẹ̀rẹ̀!" làwọn ìjòyè pariwo.

Télọ̀ gbé oògùn rẹ̀ mì gbìì. Wọ́n gbé oúnjẹ jáde, a jẹ, a yó, tọkọtaya jọ jẹ nínú abọ́ kan ṣoṣo, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.