Fíìmù Kan Ṣoṣo tí Àgbà Fíìmù Gbé Wọ Adágún

Ẹ bá mi kí Àgbà Fíìmù. Ẹ kí i dáadáa o, torí bí ẹ bá kí i ní "ẹ káàárọ̀" lásán, kò ní í dá yín lóhùn. Àgbà Fíìmù, ọkọ yàrá òkùnkùn, a-dijú-kan-ríran-ju-olójú-méjì! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ oríkì yìí fún ara rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀, ó sì fi gíláàsì bò ó kí òjò má baà pa á.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ káàmẹ́rà dígítà níwájú rẹ̀, á yínmú. Lójú tiẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn; èyí tó ń lo fíìmù nìkan ló kà sí káàmẹ́rà.

Òmùwẹ̀ mọ gbogbo èyí, torí ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gba òmìnira tipẹ́, ó ti di ìyá ọlọ́mọ, dígítà ló sì ń gbé wọnú adágún láti ya ẹja àti koríko abẹ́ omi, àti ọkọ̀ àtijọ́ kan tó rì síbẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ó wù ú. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Adágún kéde pé àwọn fẹ́ gba ayàwòrán kan tí yóò máa ya ìsàlẹ̀ adágún lóṣooṣù, ó ní Ọlọ́run ti rántí òun.

Àfi bí Àgbà Fíìmù náà ṣe gbọ́.

"Òmùwẹ̀," ó pè é láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, "wọ́n ní o fẹ́ bá mi du iṣẹ́. Kò burú. Mo ti nu àga ẹ sílẹ̀. Tó o bá pàdánù tán, máa bọ̀ wá máa ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù."

Ọ̀rọ̀ náà dun Òmùwẹ̀ wọ egungun, torí òótọ́ ni. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, àga yẹn ló kù.

Màmá Alága ló darí ìpàdé ìgbìmọ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Ó ní kí oníkálùkù sọ ìdí tó fi yan irinṣẹ́ tirẹ̀.

"Mà," Òmùwẹ̀ ní, "tá a bá ti mòòkùn jìn díẹ̀, àwọ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Gbogbo nǹkan á wá rí bí ewé. Tí mo bá fi dígítà yà á, màá wò ó lójú ẹsẹ̀, màá tún iná mi ṣe, màá sì tún un yà. Fíìmù ò ṣeé wò àfi tá a bá délé fọ̀ ọ́."

Àgbà Fíìmù dìde. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀! Ó ní òun á tún un yà. Ẹni tó ń ya irinwó àwòrán kó tó rí ogún tó dáa, ṣé ayàwòrán nìyẹn, àbí ẹni tó ń sọ òkò sí igi máńgòrò? Fíìmù tèmi, mẹ́rìndínlógójì péré ló ń yà. Kò sì sẹ́ni tó ń ṣí káàmẹ́rà lábẹ́ omi láti pààrọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ògo wà! Fíìmù kan, ìmòòkùn kan! Àgbà kì í wà lódò kí orí ẹja wọ́!"

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ títí. Màmá Alága kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe wí i: kálukú yóò mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwòrán yóò sì wà lára ògiri gbọ̀ngàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí àárín adágún. Káàmẹ́rà Òmùwẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀ tó mọ́ gaara, tí omi ò lè wọ̀. Àpótí ti Àgbà Fíìmù wà lábẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n fi okùn so yí ká, ojú gíláàsì tó fi ń yàwòrán nìkan ló yọ síta.

"Ọ̀gá, kí lẹ fi bò ó?" Òmùwẹ̀ bi í.

"Àṣírí iṣẹ́. Gbogbo ojú kọ́ ló ń rí irinṣẹ́ àgbà."

Atukọ̀ wo aṣọ náà, ó wo Òmùwẹ̀, ó sì tutọ́ sómi. Àwọn méjèèjì mòòkùn, àwọn méjèèjì sì jáde. Àgbà Fíìmù ń rẹ́rìn-ín wá sókè.

Nígbà tọ́jọ́ pé, Òmùwẹ̀ gbé àwòrán méjìdínlógún wá sí gbọ̀ngàn, kò rí ibi tó máa gbé wọn kọ́. Àgbà Fíìmù ti dé láàárọ̀ kùtù, ó ti gba ògiri mẹ́ta. Ó ti fẹ̀ dé ìdajì ìkẹrin.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣì ṣófo," ó ní. "Ó máa gbà ẹ́."

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, àwòrán ọ̀gá wa dára. Ẹja àrọ̀ kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè ka irun ìmú rẹ̀. Ọkọ̀ tó rì náà wà níbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Inú Òmùwẹ̀ bàjẹ́. Ó mọ̀ pé tiẹ̀ ò tó o, omijé sì lé sí i lójú.

Àgbà Fíìmù gun orí àga, káàmẹ́rà rẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ aṣọ dúdú sì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Fíìmù kan ṣoṣo rèé, ìmòòkùn kan ṣoṣo. Mi ò dà á nù, mi ò tún un yà!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Òmùwẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó ní bóun bá tiẹ̀ pàdánù, òun á kẹ́kọ̀ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ògiri kẹta, ó dúró. Ó pa dà sẹ́yìn, ó kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọ̀gá," ó ní pẹ̀lẹ́, "ẹ má bínú o. Fíìmù yín, mélòó ló ń yà?"

Àgbà Fíìmù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́! Mẹ́rìndínlógójì ni, olórí òfìfo!"

"Ẹ ṣeun, sà. Méjìdínlọ́gọ́ta ló wà lára ògiri."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, èkejì gbè é, kó tó pẹ́ gbogbo ilé ti ń kà bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n kọjá mẹ́rìndínlógójì, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti ọ̀gá wa ò tiẹ̀ lọ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Èènì ni!" Àgbà Fíìmù kígbe. "Fíìmù máa ń ní èènì!"

"Òótọ́ ni," Òmùwẹ̀ ní. "Ọ̀kan. Ó pọ̀ jù, méjì."

"Àwọn kan... àwọn kan jẹ́ ìbejì."

Màmá Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Mi ò tíì rí oyún tó fi ọmọ méjìlélógún ṣe èènì. Ẹ tú aṣọ orí káàmẹ́rà yẹn ká rí i."

"Kò ṣeé ṣe, mà! Ìmọ́lẹ̀ á ba fíìmù jẹ́!"

"Fíìmù tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ ti gbé kọ́ ògiri?"

Ó di káàmẹ́rà náà mọ́ àyà. Atukọ̀ tó gbé wọn lọ sí adágún jáde láàárín èrò, ó tú okùn náà. Dígítà ni, tuntun pátápátá, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á kò tíì kúrò. Òmùwẹ̀ tẹ bọ́tìnì kan, ó tàn. Àwòrán tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ irinwó ó lé méjìlá.

"Mo kọ́kọ́ fi fíìmù dánrawò," Àgbà Fíìmù ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìgbà mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú ń tì mí láti sọ."

Màmá Alága ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Orúkọ Àgbà Fíìmù ló wà níbẹ̀, ó ti kọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Àwòrán yín ló dára jù," ó ní. "Ta ló sọ fún yín pé a ò fẹ́ dígítà? Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ ọ́. Ká ní ẹ gbé e wá lójú gbangba, ẹ̀yin lẹ̀ bá máa mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà fún iṣẹ́ yìí lọ sílé lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa sọ fún wa bí ìsàlẹ̀ adágún ṣe rí, ó yẹ kó lè sọ fún wa ohun tó wà lọ́wọ́ ara ẹ̀." Ó fa ìlà lórí orúkọ náà, ó kọ ti Òmùwẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Òmùwẹ̀ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, àánú ọ̀gá rẹ̀ sì tún ṣe é díẹ̀, ó bá a já àwòrán náà lára ògiri. Ọ̀gá kó wọn sábíyá, ó sì gba àárín ọ̀nà lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó tún kọ́là ṣe.

"Ẹ ya pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin fún mi, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èènì sí i."