Ọgbà Tí Fámúrewá Sọ Sórí Ẹrẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti bi ara yín rí, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Ẹni tó sọgbà nítorí ẹyẹ, àga ló kàn fún un"? Ẹ fara balẹ̀. Ìtìjú ọkùnrin kan ló bí i.

Fámúrewá lorúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ iṣu ni, ará òkè, ṣùgbọ́n ọmọ etí òkun ni Ìbídùn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bá a lọ kí àwọn àna, ó rí i pé bí omi bá ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gbalasa á yọ síta, àwọn obìnrin á sì máa ṣa ìṣáwùrú, ìgbín kéékèèké inú omi, níbẹ̀. Nínú ìṣáwùrú yìí ni ìyá Ìbídùn ti ń jẹ, tó ti ń mu. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà ń ṣa tiwọn, akàn sì ń fọ́ tiẹ̀ jẹ.

"Ìyá, ẹ kàn ń wò wọ́n níran?" ni Fámúrewá bi ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, a bá wọn níbẹ̀ ni. Wọ́n ń jẹ, à ń jẹ, kò tán."

"Lóko tiwa, ẹyẹ kì í bá olóko jẹun."

Inú Ìbídùn dùn. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ òun mọṣẹ́.

Fámúrewá gé ọparun, ó ri ogójì òpó yí ibi tí ìyá náà ti ń ṣa ká, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ún pọ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí títí á fi sú wọn tí wọ́n á fò lọ. Ní báyìí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jókòó sinmi, wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ.

"Kò ga tó ni," Fámúrewá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi kún gíga rẹ̀. Àwọn ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rí ọ̀nà jíjìn. Ó wá ki imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn títí omi ò fi ráàyè ṣàn dáadáa mọ́. Ẹrẹ̀ tí omi ń gbé bọ̀ wá ń rọ́ lé ìṣáwùrú lórí. Àwọn tí kò fẹ́ kú sábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òpó, wọ́n gùn ún dé ẹnu ẹyẹ. Ẹyẹ ò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ kó tó jẹun. Akàn ní tiẹ̀ rí ilé sí ìdí ọgbà, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè tó o.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí ìyá Ìbídùn ṣà bọ̀ ò bo ìsàlẹ̀ agbọ̀n. Ó se ọbẹ̀ tí kò ní ìṣáwùrú, ó sì kọ́kọ́ bu ti Fámúrewá. Fámúrewá ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí aládùúgbò kan ń bi Ìbídùn pé, "Ṣé èyí lọkọ tó mọṣẹ́ náà?" Ìbídùn yára wọlé.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, Fámúrewá mú kùmọ̀, ó sáré lé àwọn ẹyẹ wọ inú ẹrẹ̀. Ó rì dé itan. Omi sì ti ń padà bọ̀. Ó jà títí ó fi yọ, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a jáde. Ọgbà nìkan ló wà nítòsí, òun náà ló gùn. Àwọn ẹyẹ sún díẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ojú omi ṣe bá wọn: ẹyẹ, ẹyẹ, ẹyẹ, Fámúrewá, ẹyẹ.

Ìyá Ìbídùn wa ọkọ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ìborùn rẹ̀ sí i lókè.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó."

Ì bá wu Fámúrewá kí ìyá náà bú òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń fa òpó tu, gbogbo obìnrin tó ń kọjá ló sì ń kí i kú ìjókòó, bó tilẹ̀ wà lórí ìdúró. Ó ń dáhùn, orí rẹ̀ ò sì kúrò nílẹ̀. Nígbà tí omi ti fọ ẹrẹ̀ náà lọ, tí òjò ọdún kejì sì ti rọ̀, agbọ̀n ìyá tún kún.

Títí Fámúrewá fi darúgbó lóko rẹ̀ lókè, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó wá bá òun sọgbà, á ní, "Ẹni tó sọgbà nítorí ẹyẹ, àga ló kàn fún un."

Ìbídùn á sì dáhùn láti inú ilé pé, "Òun àti ẹyẹ ni wọ́n jọ jókòó."