Ọ̀gá Àgbà Kí Iṣẹ́ Tó Dé

Bó bá ṣe pé fáàrí ń so bíi kòkó ni, Olúwagbọ́tèmi nìkan ni ì bá lóko jù ní Ìdànrè. Ọ̀gá-kí-iṣẹ́-tó-dé! A-wọ-kóòtù-lóòrùn-gangan! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ ra ẹ̀pà, imú ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́ta ló ti jáde ilé ìwé, ọdún mẹ́ta náà ló sì ti ń sùn ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odòde, nínú Ìdànrè kan náà. Àgbàdo tí ìyá ń sun tà ló ń bọ́ ọ.

Níkẹyìn, iléeṣẹ́ kan tó ń ra kòkó pè é fún íńtáfíù, iṣẹ́ olùtọ́jú sítóò. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá lọ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á.

Àmọ́ fáàrí kò jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde jẹ́rìí nínú ìjọ Aláàdúrà wọn. Ó ní wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, pé Ọjọ́bọ̀ lòun ń wọlé. Ìjọ hó yèè. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà lọ síwájú pẹpẹ.

Àga iwájú dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé àṣà ìjọ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ìjọ jókòó sí ọ́fíìsì tuntun láìjẹ́ pé wọ́n lọ yà á sí mímọ́. A kì í sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún, àmọ́ Gbọ́tèmi ti sọ tirẹ̀, ó tún ti kó o jáde.

Ọjọ́bọ̀ dé. Gbọ́tèmi wọ kóòtù tó yá lọ́wọ́ olórí akọrin, apá rẹ̀ bo ìka, ó jókòó síwájú Màdáámù Agatha tó ni iléeṣẹ́ náà. Obìnrin náà bi í bóyá ó mọ Ìdànrè dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ń jẹ yẹ̀pẹ̀.

"Èkó ni mo wà, má. Èèyàn tó wà lábẹ́ mi níbẹ̀ kò lóǹkà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi Èkó sílẹ̀?"

"Mo kàn fẹ́ ran àwọn ará oko lọ́wọ́ ni, má."

Màdáámù mi orí. Ọkàn Gbọ́tèmi balẹ̀, ó ti ń wo àga onítìmùtìmù tí obìnrin náà jókòó lé, ó ń wò ó bóyá yóò gba òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti Gbọ́tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Agogo dún lójú títì, ìjọ sì ya wọlé: sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là, garawa omi àdúrà, àwọn ọlọ́kadà tó ń wòran lẹ́yìn wọn. Ìyá Gbọ́tèmi ló ń jó bọ̀ níwájú. Ó kúnlẹ̀ fún Màdáámù.

"Ẹ ṣé o. Ọdún mẹ́ta ni ọma mi fi ń sùn ní pálọ̀ mi, kò ríṣẹ́, kò kúrò ní Odòde. Ẹ wò ó lónìí."

Imú tí Gbọ́tèmi fi ń sọ̀rọ̀ dí pátápátá. Màdáámù bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó mọ̀ wọ́n.

"Àwọn ará oko kan ni, má," ló dáhùn.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó dìde nílẹ̀, kò jó mọ́.

Wòlíì ìjọ wọn kò gbọ́ ní tirẹ̀. Ó gbé agogo sókè: "Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà wa, kó dìde lórúkọ Jésù."

Ìjọ ṣe àmín. Gbogbo ojú yí sí àga. Màdáámù Agatha sì dìde lóòótọ́.

"Mo ti dìde, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú ọ̀gá àgbà yín lọ sílé. Olùtọ́jú sítóò ni mò ń wá."

Ẹ̀rín àwọn ọlọ́kadà sìn wọ́n dé ìta. Níbẹ̀, lójú gbogbo èrò, ìyá rẹ̀ na ọwọ́.

"Bọ́ kóòtù yẹn, olórí akọrin fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mú un wá, kí ará oko bá ọ fọ̀ ọ́."